Àárọ̀ Tí Ìrì Kò Sẹ̀

Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀! Láti ìgbà tí ẹ ti jí ni ẹ ti ń bi í bóyá òjò yóò rọ̀. Fóònù ní kò ní í rọ̀, ẹ gbà á gbọ́, ẹ sá aṣọ síta. Omi wo ló wá ń kán lára aṣọ yín yìí? Ẹ jókòó sínú ilé, ẹ ti fèrèsé, ẹ ń bi irin léèrè ohun tó wà lókè orí yín. Kò sí ẹyọ kan nínú yín tó gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ yín máa ń sú mi nígbà mìíràn, mi ò ní í parọ́.

Nígbà tiwa, létí òkun lọ́hùn-ún, ẹni tí kò bá mọ ojú ọjọ́, ebi ni yóò pa á, bí omi kò bá kọ́kọ́ gbé e lọ. Abúlé wa kò jìnnà sí Molutehin. Orí òpó ni gbogbo ilé wà, afárá pákó ló sì so ilé kan mọ́ èkejì. Bí ènìyàn bá ń bọ̀, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó ni a fi ń dá a mọ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí gbogbo ariwo ẹ́ńjìnnì tó ń di ènìyàn létí lójú omi lónìí. Àjẹ̀ la fi ń wa ọkọ̀, àti ìgbòkun tí a fi àpò ìyẹ̀fun rán. Tí atẹ́gùn bá gba inú ìgbòkun náà, á dún fàà, ọkàn ènìyàn á sì balẹ̀ pé òun yóò délé.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, atẹ́gùn á ti máa fẹ́ láti ìhà ilẹ̀ lọ sí òkun, òun ló ń gbé wa jáde. Tó bá di ọ̀sán, á yí padà, á máa fẹ́ láti òkun bọ̀ wálé, òun náà ló ń gbé àwa àti ẹja wa padà. Ẹni tó bá pẹ́ lórí ẹní láàárọ̀ yóò fi apá ara rẹ̀ wakọ̀ jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì sọ fún un lọ́jọ́ kejì. Bàbá mi kò mọ ìdí tí atẹ́gùn náà fi ń lọ tó ń bọ̀. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Wákàtí tó ń yí la mọ̀, ìyẹn sì tó wa jẹ.

Tíṣà ló wá sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ọmọ Èkìtì ni, ìjọba ló gbé e wá sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, a sì ń pè é ní Tíṣà títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, tọwọ́ tẹsẹ̀ ló fi ń rìn lórí afárá bí ẹni ń gun ọ̀pẹ. Kò lè lúwẹ̀ẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́ ọ, ó ní tó bá di ìsinmi. Ìsinmi á dé, á lọ kí ìyá rẹ̀ ní Èkìtì, á gbé iṣu bọ̀ wá fún wa, lílúwẹ̀ẹ́ á tún di ìsinmi mìíràn. Mo bínú sí i nípa ọ̀rọ̀ yìí nígbà náà, mo ṣì ń bínú sí i.

Lọ́jọ́ kan ó gbé abọ́ méjì sínú oòrùn. Ó bu iyanrìn sínú ọ̀kan, ó bu omi sínú ìkejì. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní kí n ti ọwọ́ bọ méjèèjì. Iyanrìn fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi lọ́wọ́, omi kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ni. Ó tún pè mí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì. Iyanrìn ti tutù nini, omi sì wà bó ṣe wà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i? Ilẹ̀ kì í pẹ́ gbóná, kì í sì í pẹ́ tutù. Omi ló ní sùúrù. Tí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ á gbóná, á fúyẹ́, á gòkè lọ. Afẹ́fẹ́ tútù orí òkun ló ń wá dí àyè rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá wá tutù di ìdájí, òkun ló gbóná jù ú lọ, ni gbogbo rẹ̀ bá yí padà."

Mo ní, "Gbogbo ìwé tí o kà láti Èkìtì, ohun tí bàbá mi ti fi ń pẹja láti ìgbà ìwáṣẹ̀ náà ló wà nínú rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ yẹn la ti di ọ̀rẹ́. Ó gbé kẹ́tù kaná, ó fi abọ́ irin tútù sí ọ̀kánkán ẹnu rẹ̀, omi sì ṣẹ́ jọ sí abọ́ náà lára, ó ń kán tó, tó. Ó ní omi wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú yìí, a kàn kì í rí i ni. Tí ó bá pàdé òtútù, á fara hàn: ní ìsàlẹ̀ á di ìrì, lójú odò á di kùrukùru, lókè á di ìkúùkù tó ń rọ òjò. Ó sì sọ èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí dáadáa. Ó ní ìkúùkù tó bá bo ojú ọ̀run mọ́jú, bí aṣọ ìbora ló rí fún ilẹ̀. Kò ní í jẹ́ kí ooru ọjọ́ àná jáde. Ilẹ̀ kò ní í tutù, ìrì kò ní í sẹ̀, kùrukùru kì í sábà sọ̀, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ náà kò sì ní í lágbára láti fẹ́. Mo gbọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọn kò sọ fún mi.

Mo tiẹ̀ ti rí irú rẹ̀ kí Tíṣà tó dé. Ní gbogbo ọdún tuntun, a máa ń fi ìgbòkun díje láti inú òkun wá sí ẹnu odò. Àwọn obìnrin á to ara wọn sórí afárá, wọ́n á máa kọrin fún ọkọ̀ ilé wọn, ìrẹsì á ti wà lórí iná. Lọ́dún kan, ìkúùkù bo oòrùn láti àárọ̀. A gbòkun títí, kò sí atẹ́gùn kankan. Ọkọ̀ mẹ́rìnlá dúró sójú omi bí adìẹ tó sàba. Ẹ̀gbọ́n mi wọ agbádá tuntun wọkọ̀ torí ó ti mọ̀ pé òun ni yóò ṣe ipò kìíní. Ó dìde láti fi agbádá náà gba atẹ́gùn kún ti ìgbòkun, ọkọ̀ yẹ̀ gẹ̀rẹ̀, ó já sómi. Àjẹ̀ la fi wakọ̀ wálé, ìrẹsì ti tutù, àwọn obìnrin sì fi wá ṣe ẹlẹ́yà di ọdún kejì. Ẹ ò rí nǹkan. Ayé dùn nígbà náà, ìṣòro wa kò ju kí ìrẹsì tutù lọ.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, bẹ́ẹ̀ la ti rò pé odò náà tó gbogbo wa. Àwọn ará òkè odò tí a wá bá jà yìí, a jọ ń ná ọjà Igbókòdá ni. Ọmọ wọn ń jókòó ti ọmọ wa ní kíláàsì Tíṣà. Ẹnìkan wá ní ibi tí epo rọ̀bì wà yìí tàwọn ni, ẹlòmíràn ní irọ́ ni, tàwọn bàbá òun ni. Kí á tó mọ̀, ilé ti ń jó. Tiwọn ń jó, tiwa ń jó. Títí dòní n kò tíì rí ẹni tó lè ṣàlàyé ìjà yẹn fún mi kó yé mi, àwọn tó ń dá a sílẹ̀ kì í sì í gbé orí omi.

Baálẹ̀ wa pe ìpàdé. Wọ́n ní kí obìnrin kankan má yan ẹja lójúmọmọ mọ́, kí èéfín má baà júwe ilé wa fún ẹni tó ń wá wa. Wọ́n ní ẹni tó bá rí èéfín lápá òkè odò, níbi tí wọ́n ti ń sun ilé bọ̀, kó lu agbada irin, kí gbogbo ènìyàn wọkọ̀, kí wọ́n gba ẹnu odò jáde lọ sókun. Ẹ wo irú ayé tí a wá bára wa. Èéfín ẹ̀gbà, igi ojú omi tí a fi ń dáná, tó ń ta sánsán lára ẹja, tí a ti ń gbọ́ láti kékeré, ló di ohun tí à ń sá fún.

Ìgbà ọyẹ́ ni ariwo àkọ́kọ́ ta. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nǹkan funfun kan dìde lókè odò, ó ga, ó ń rọ́ bọ̀. Ẹnìkan lu agbada. Ariwo sọ, "Ghọ́n ti dé! Ghọ́n ti dé!" ìyẹn ni pé wọ́n ti dé. Àwọn ìyá ń ju ọmọ sínú ọkọ̀ bí ẹni ń kó ẹja. Mo wo nǹkan náà, mo fi imú fa afẹ́fẹ́ ilẹ̀ tó ń fẹ́ bọ̀ lójú mi. Kò rùn èéfín. Òtútù mú, ìrì ṣàn lórí pákó, ìràwọ̀ tó kẹ́yìn ṣì ń tàn. Mo kígbe pé kùrukùru ni. Wọ́n kàn ń wọkọ̀ lọ ni. Èmi àti Tíṣà bá wọ ọkọ̀, a wà á wọ inú nǹkan funfun náà lọ, a sì ń fi ohùn òkè kọrin níbẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé a kò kú. Gbogbo abúlé bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ fúnra wọn fún mi ní adìẹ, wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnu mi ni àwọn yóò máa wò kí ẹnikẹ́ni tó lu agbada.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti bàjẹ́. Orí mi wú. Wọ́n ń pè mí ní Amojúọjọ́, mo sì ń jẹ́ ẹ. Tí wọ́n bá bi mí ní nǹkan, n kì í tètè fèsì mọ́, mo máa ń kọ́kọ́ wúkọ́ ná. Ìgbéraga ní í ṣáájú ìparun, a ti ka ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì àìmọye ìgbà, a ṣe àmín sí i, a sì padà lọ sílé lọ gbéra ga.

Oṣù kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, lẹ́tà ìjọba dé láti Igbókòdá pé kí gbogbo olùkọ́ kúrò lójú omi. Tíṣà di ẹrù rẹ̀. Ọkọ̀ tí yóò gbé e kò wá lọ́jọ́ náà, ó ní òun yóò dúró di ọjọ́ kejì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì náà ń mọ́ bọ̀ ni nǹkan funfun tún yọ lókè odò.

Wọ́n wá bá mi. Mo jáde, mo wúkọ́, mo wò ó. Ó funfun, ó rọra ń tàn kálẹ̀ lórí igi ẹ̀gbà. Mo fi imú fa afẹ́fẹ́. Kò rùn rárá. Mo ní kí wọ́n lọ máa bá iṣẹ́ wọn lọ, kùrukùru ni.

Ìyá yín àgbà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ń nu pákó tó máa ń sá edé sí lọ́wọ́. Ẹ ò mọ àṣà yẹn. Láràárọ̀ ni àwọn obìnrin wa máa ń fi àkísà nu ìrì kúrò lórí pákó kí wọ́n tó tẹ́ ẹní lé e, torí edé tí ìrì bá mú yóò bu. Wọ́n á fún àkísà náà bí ẹni fún aṣọ tí wọ́n fọ̀. Mo rí i tó dúró, tó ń wo àkísà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, pákó gbẹ."

Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ìrì kò sẹ̀ rárá. Níbo ni kùrukùru ti wá jáde?"

Ẹ gbọ́ mi o. Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo abúlé dìde fún nìyẹn. Ìkúùkù ti bo ọ̀run mọ́jú, n kò rí ìràwọ̀ kankan. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ kò fẹ́, òun ni n kò fi gbọ́ òórùn èéfín! Gbogbo rẹ̀ ló wà níwájú mi bí oúnjẹ nínú àwo. Mo sì jágbe mọ́ obìnrin náà lójú àwọn ènìyàn. Mo ní kó lọ máa sá edé rẹ̀, kó fi ojú ọjọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Kò bá mi jà. Kì í báni jà, ìyẹn náà sì máa ń mú mi bínú. Ó kan gbé Bọ́sẹ̀ sẹ́yìn, ó pe àwọn obìnrin ìtòsí ilé wa, wọ́n kó ọmọ sínú ọkọ̀ ńlá. Wọ́n tó ogún, tọmọ tìyá. Ó pe Tíṣà náà pé kó wá, àyè kan kù.

Tíṣà ti ki ẹsẹ̀ kan bọ inú ọkọ̀. Báàgì rẹ̀ wà léjìká. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀run dí mọ́jú o."

Mo ní, "Ṣé ìwé rẹ ló fẹ́ mọ odò mi jù mí lọ? Tíṣà, bọ́ sílẹ̀, jàre. O fẹ́ bá àwọn obìnrin sá fún kùrukùru?"

Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ojú tì í. Ó bọ́ sílẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ọkọ̀ àwọn obìnrin kò tíì dé ẹnu odò tí a fi gbọ́ ẹ́ńjìnnì lápá òkè, kì í ṣe ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ìbọn. Àwọn tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ń sáré káàkiri orí afárá, ẹlòmíràn ti tẹ́ àwọ̀n sílẹ̀ láti tún un ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ há sí i. Ọ̀pọ̀ wa bẹ́ sómi, a gba abẹ́ ilé wọ inú ẹ̀gbà lọ. Mo di Tíṣà lápá mú, mo ní kó mí kanlẹ̀, kó gbẹ́kẹ̀ lé mi. Ó gbẹ́kẹ̀ lé mi. A bẹ́. Omi ń ṣàn jáde sókun, ó sì le. Ó ń dì mọ́ mi lọ́rùn, àwa méjèèjì ń rì, mo sì já ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́rùn mi kí n lè mí. N kò rí i mọ́. Èmi lè lúwẹ̀ẹ́, òun kò lè lúwẹ̀ẹ́, kò sí ohun mìíràn tí mo lè fi kún un.

Gbogbo ẹni tó tẹ̀ lé ìyá yín àgbà ló yè. A bára wa ní Igbókòdá, nínú ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kó wa sí. Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ: ìdílé mẹ́fà nínú kíláàsì kan, ẹni tí kò bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́wàá ń fi ẹ̀yìn ti ara wọn sùn. N kò lè wo ojú obìnrin náà. Kò sọ pé, "Ṣé mo sọ fún ọ?" Ó bu ẹ̀bà fún mi, ó ní kí n jẹun.

Ẹ̀ ń bi mí ìdí tí inú mi kì í fi dùn tí wọ́n bá ń pè mí ní Amojúọjọ́ ní Òde Mahin tí a kó lọ lẹ́yìn ìjà náà títí dòní. Ẹ wá gbọ́ ọ nísinsìnyí, mo ti dàgbà ju kí n máa gbé e kiri lọ.

Ìyá Tíṣà wá láti Èkìtì. Obìnrin kúkúrú, aṣọ òfì ló ró, eruku ọ̀nà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé èmi ni ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú mi, ìyá yín àgbà sì jókòó tì mí. Kò sunkún, ó jọ pé ó ti sun gbogbo rẹ̀ tán lọ́nà.

Ó ní, "Wọ́n ní àwọn obìnrin rí ọkọ̀ wọ̀. Wọ́n ní àyè wà. Ọmọ mi kì í ṣe alágídí. Kí ló dé tí kò bá wọn lọ?"

Mo ṣí ẹnu. Mo ní, "Màmá, kùrukùru ló bo gbogbo odò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tó lè rí nǹkan."

Ìyá yín àgbà yíjú, ó wò mí. Ó tún yíjú sílẹ̀, kò sì sọ òótọ́ náà fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú.

Obìnrin náà na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ní Ọlọ́run yóò san án fún mi, nítorí pé mo ṣe ẹ̀gbọ́n fún ọmọ òun nílẹ̀ tí kò ti ní ẹnìkan. Ó ní ojú mi kò ní í ríbi.

Mo ní, "Àmín, Màmá."